Fúlàní Tó Ń Bẹ̀rù Màlúù

Imú ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Imú Lucy gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tọ́ gbọnrangandan títí dé ìsàlẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ọrùn rẹ̀ gùn, ó ga pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ibi tó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ kò yé ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọ Èsìẹ́ pọ́ńbélé ni. Jòhánù bàbá rẹ̀ ni kátíkíísì ìjọ wọn níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́, àwọn méjèèjì dúdú, imú wọn kò sì gùn ju bó ti yẹ lọ. Lucy kò fọwọ́ kan màlúù rí láyé rẹ̀. Kí a má purọ́, ẹ̀rù màlúù ń bà á. Bó bá pàdé agbo màlúù lójú ọ̀nà, inú igbó ló ń yà sí, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí títí ìrù èyí tó kẹ́yìn yóò fi kọjá.

Ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni Rótìmí, tíṣà kan tó ń kọ́ni ní Rore, gbé Lucy níyàwó. Àsìkò náà dùn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ìjọba ti súnmọ́lé, pé títì yóò dé, iná yóò dé, omi ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀lé e. Kò tíì sí èyí tó dé nínú wọn nígbà tí Lucy dé Rore, ṣùgbọ́n ó rí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀, ìyẹn náà sì tó o.

Fulera ni orúkọ ọ̀rẹ́ yìí. Gáà, àgọ́ darandaran tó wà lẹ́yìn Rore, ni wọ́n bí i sí, níbi tí Àbúdùlàhí bàbá rẹ̀ ti tẹ̀dó kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé páànù Rore tó dúró. Fúlàní ni Fulera. Bàbá Fúlàní, ìyá Fúlàní, kò sí àbùlà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ ò ní gbà. Fulera dúdú, ó kúrú, ó sanra dáadáa, ojú rẹ̀ rí roboto, imú rẹ̀ sì jókòó pẹ̀sẹ̀ bíi ti ẹni tó ti jẹun yó. Ìgbómìnà dán lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe dán lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú mìíràn lọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò tú àṣírí kankan, nítorí àwọn ọmọ Mùsùlùmí tiwa tó ń jẹ́ Fulera kò lóǹkà.

Wàrà ni iṣẹ́ ọwọ́ Fulera. Láàárọ̀ kùtù ni yóò gbé omi ọmú màlúù kaná, yóò fún omi ewé bòmubòmu sí i, yóò sì jókòó tì í láìkánjú títí yóò fi dì. Lẹ́yìn náà ni yóò dà á sínú àwọn apẹ̀rẹ̀ kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro kúrò. Èyí tó bá jáde níbẹ̀ a funfun, a rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í fọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe wàrà náà ni pé kò sẹ́ni tó ń rà á.

“Ìyá, ta ló ṣe wàrà yìí?” ni wọ́n ń bi í ní ọjà Òmù-Àrán.

“Èmi ni.”

“Yorùbá ló ṣe wàrà? Ògì lẹ fi lú u.”

“Fúlàní ni mí.”

Wọn a wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọn a wo imú rẹ̀, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Wọn a ní kó máa ta ògì rẹ̀ lọ, kó má ṣáà purọ́ sí i. Obìnrin kan tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, ó tutọ́ sílẹ̀ kó tó gbé e mì tán, ó ní òun gbọ́ ìtọ́wò ògì ketekete. Kò sí ògì níbẹ̀. Ojú obìnrin náà ló bá ahọ́n rẹ̀ tọ́ ọ wò.

Èlùbọ́ tí Fulera ń tà mọ́ ọn ni wọ́n ń rà. Àwọn ará ọjà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èlùbọ́ náà, Ìyá Elélùbọ́ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n igbá wàrà a padà sílé bó ṣe wá, wọn a sì da wàrà fún ajá. Bàbá Fulera ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, àwọn màlúù tó kù ní gáà kò sì tó nǹkan. Wàrà yìí ló yẹ kó máa bọ́ wọn. Bí kò bá tà, wọn yóò máa ta màlúù ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ìgbà tí màlúù bá sì tán, gáà náà tán nìyẹn.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ẹrù èlùbọ́ Fulera pọ̀, Lucy sì ní òun yóò bá a ru igbá wàrà. Ó kàn ń ṣe ọ̀rẹ́ ni. Kò tíì wọ ọjà dáadáa tí obìnrin kan fi pè é láti ọ̀dọ̀ àwọn aláta pé, “Fúlàní, gbé wàrà wá.” Lucy wo ẹ̀yìn. Kò rí Fúlàní kankan níbẹ̀ àfi Fulera, obìnrin náà kò sì wo ti Fulera rárá. Kí Fulera tó sọ èlùbọ́ kalẹ̀, igbá ti ṣófo. Obìnrin tó gbọ́ ìtọ́wò ògì lọ́jọ́sí náà rà, ó jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó pọ́n ìka lá, ó ní wàrà ojúlówó nìyí, pé ẹ̀jẹ̀ Fúlàní ló wà.

Kí Lucy tó sùn lọ́jọ́ náà, ó ti fi dá ara rẹ̀ lójú pé òun kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Kò sọ pé Fúlàní ni òun. Wọ́n kàn pè é, ó kàn jẹ́ wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tajà, inú bàbá arúgbó dùn ní gáà, ta ló wá pa lára?

Ẹ mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí. Kò pẹ́ tí Lucy ní kí Fulera bá òun dirun bí àwọn Fúlàní ṣe ń dì í, kó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní yẹtí ńlá tí ìyá Fulera fi sílẹ̀ kó tó kú. Yóò fi gèlè bo gbogbo rẹ̀ títí yóò fi jáde ní Rore kí Rótìmí má baà rí i, bó bá sì ku díẹ̀ kí wọ́n dé Òmù-Àrán, yóò tú gèlè. Ìrìn rẹ̀ gan-an yí padà. Ó ń rìn bí ẹni tí agbo màlúù ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, òun tó jẹ́ pé bó bá rí ẹyọ kan lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, igi ni yóò gùn.

Ohun tó ń pa Fulera lẹ́rìn-ín jù ni bí wọ́n ṣe ń bá Lucy sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà obìnrin tí ẹnu wọn dá ṣáká, tí wọ́n lè sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ láìkọsẹ̀, bí wọ́n bá ti dé iwájú Lucy, Yorùbá wọn a bàjẹ́ pátápátá.

“Ìwọ,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, ó ń nàka sí igbá, “wàrà, òní? Wàrà, àná?”

“Wàrà, òní,” ni Lucy dá a lóhùn, ọmọ kátíkíísì tó ń ka Bíbélì fún gbogbo ìjọ Èsìẹ́ kó tó lọ́kọ.

“Èmi, rà. Ìwọ, fi ènì. Ènì. Ìwọ mọ ènì?”

“Èmi, mọ̀ díẹ̀.”

“Ó ti ń gbọ́ ọ,” ni obìnrin náà wí fún àwọn tó kù, inú rẹ̀ dùn bíi pé òun ló kọ́ ọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Fulera ti gbé orí sínú àpò èlùbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi funfun.

Bàbá àgbà kan, Mùsùlùmí, bi Lucy léèrè orúkọ àwọn màlúù rẹ̀. Orúkọ tó wá sí Lucy lẹ́nu ló sọ fún un, ó ní wọ́n ń jẹ́ Mátíù, Máàkù àti Lúùkù. Bàbá náà mi orí, ó ní èdè Fúlàní mà dùn o.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra wàrà tí wọn kò jẹ́ fi ọwọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Aláta kan ń na gèlè bo agolo tó ń kówó sí bí Lucy bá ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, Lucy ń dúró de ṣéńjì lọ́dọ̀ obìnrin kan, obìnrin náà sì yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó gún régé pé kí wọ́n so ewúrẹ́ wọn mọ́lẹ̀ o, pé ọwọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í dúró. Ó rẹ́rìn-ín sí Lucy bó ṣe ń sọ ọ́. Lucy náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò yẹ kó gbọ́ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ó dùn ún dé ìdí ọkàn, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ìbínú náà sí.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó fi sọ fún Fulera bí ẹni ń ṣàwàdà. Fulera kò rẹ́rìn-ín.

“Ọwọ́ mi ni wọ́n ń jẹ, ojú rẹ ni wọ́n ń yìn,” ni ó wí. “Bí wọ́n bá sì bú wa, èmi ni wọ́n bú, ìwọ lo gbọ́ ọ. Lucy, ó ti ń sú mi.”

“Kí ni ká wá ṣe? Ká máa gbé wàrà fún ajá bíi ti àtẹ̀yìnwá?”

Fulera gba igbá òfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣíwájú.

Ọ̀sẹ̀ tí Iléyá ku díẹ̀ ni nǹkan bẹ́. Ọjà kún ju bó ṣe máa ń kún lọ. Bàbá Sàláwù, àgbà tí gbogbo ọjà ń gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, ti ra akọ màlúù ńlá kan tí yóò fi ṣọdún, ó so ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí kò jìnnà sí ọjà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta aṣọ pupa mọ́ okùn rẹ̀. Lucy mọ ilé náà dáadáa. Ó ń yí po kó má baà gba ibẹ̀ kọjá.

Wàrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbá nígbà tí Àfísù já wọ ọjà. Àgbẹ̀ oníṣu ni Àfísù, oko rẹ̀ wà ní ọ̀nà Rore, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni lọ́jọ́ tí inú kò bá bí i. Inú ń bí i lọ́jọ́ yìí. Ó di ewé iṣu jánganjàngan sọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀, nítorí iṣu náà ló gbójú lé fún gbogbo ọdún.

“Màlúù ti tẹ oko mi pa,” ni ó wí. “Wọ́n wó ebè, wọ́n fa ewé ya kúrò lórí ọ̀pá.” Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sórí Lucy, ó dákẹ́, ó rìn lọ bá a, ó sì gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú. “Òun nìyí. Òun gan-an ni mo rí.”

Lucy kọ́kọ́ gbàgbé irú ẹni tí òun jẹ́. “Èmi, kò rí oko,” ni ó wí. Ìgbà tí ọwọ́ ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ló jáwọ́ nínú eré, ó sì tú Ìgbómìnà ìlú rẹ̀ sílẹ̀ gbuuru. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ọmọ Èsìẹ́ ni òun, Jòhánù kátíkíísì ló bí òun, Rótìmí tíṣà ló fẹ́ òun, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń da màlúù.

Ó rò pé ìyẹn ni yóò gba òun. Àṣìṣe ni. Obìnrin tó kọ́ ọ ní ènì káwọ́ lérí.

“Ó ń gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yìí wá ló ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ.”

“Wọ́n ní ọgbọ́n àrékérekè bẹ́ẹ̀,” ni ẹlòmíràn wí.

Lucy kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́, ló bá kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé bàbá rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, látorí ẹni tó tẹ ilé náà dó títí dórí ẹni tó kú lẹ́nu àìpẹ́. Kò já ibì kankan sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbi tó yẹ kó gbọ̀n. Àwọn ìyá arúgbó kan ti ń mi orí, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbè é kó tó rántí ara rẹ̀. Bó ti parí, obìnrin kan mí kanlẹ̀.

“Ẹ ò rí nǹkan,” ni ó wí. “Oríkì onílé náà ni wọ́n tún ti jí.”

Wọ́n mú un lọ sábẹ́ igi tí Bàbá Sàláwù máa ń jókòó sí. Bàbá náà ní kí Àfísù sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, Àfísù sì sọ ọ́. Ó ní ní ìdájí òun rí ọmọbìnrin Fúlàní kan tó ń da màlúù gba oko òun kọjá. Imú yìí ni, irun yìí ni, yẹtí yìí ni. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń pọ̀ sí i, ó ní ó tún bojú wẹ̀yìn, ó fi òun rẹ́rìn-ín. Ó dájú pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́.

“Fúlàní wo ló súnmọ́ oko rẹ?” ni Bàbá Sàláwù béèrè.

“Àwọn ti gáà ẹ̀yìn Rore ni.”

Bàbá náà dá ẹjọ́ náà lójú ẹsẹ̀. “A ti fàyè gba gáà yẹn pẹ́ jù. Kí wọ́n kó. Kí a tó kírun Iléyá, kí wọ́n ti kúrò lórí ilẹ̀ yẹn. A óò sì mú èyí dání títí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò fi wá gbà á.” Ọjà hó pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó ba Lucy lóòótọ́. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀. Kò sí ohun tó le nínú tirẹ̀, wọn yóò ránṣẹ́ sí Rótìmí, Rótìmí yóò dé, yóò sì mú un lọ sílé. Gáà ló ń rò. Ó ń fi ojú inú wo Àbúdùlàhí tí kò lè rìn dé ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi wàrà láìfọwọ́ ti Fulera. Ó ń wo ibi tí wọ́n sin ìyá Fulera sí lẹ́yìn ahéré. Ojú òun ni wọ́n wò tí wọ́n fi dá gáà lẹ́jọ́, òun ló sì dirun sí i, tó fi yẹtí òkú sí i kó lè dáa. Ìtìjú mú un débi pé kò lè gbójú sókè.

Fulera dìde nídìí èlùbọ́. Ó gbọn ọwọ́, ó gba àárín èrò kọjá, ó dúró níwájú Bàbá Sàláwù.

“Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni Fúlàní. Ọmọ gáà tí ẹ ń wí yẹn ni mí, èmi ni mo sì ṣe wàrà tó ń tà.”

Bàbá Sàláwù wò ó tàánútàánú. “Fulera, ọmọ dáadáa ni ẹ́. O fẹ́ gba ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀, Ọlọ́run yóò san án fún ẹ. Lọ jókòó.”

“Fúlàní ni mí, Bàbá.”

“Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì ni, má dá sí i. Ṣé wọ́n ti wọn èlùbọ́ ìyàwó mi?”

Obìnrin méjì dìde, wọ́n di Fulera mú léjìká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó má kó ara rẹ̀ sí wàhálà nítorí Fúlàní. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà Òmù-Àrán ṣe wà lọ́jọ́ náà. Ọmọ Èsìẹ́ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀, wọ́n kọ̀. Fúlàní ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú òun, wọ́n ń fà á lọ síbi ìjókòó.

Ariwo kan wá sọ lápá ọ̀dọ̀ àwọn aláta. Èrò pín sí méjì. Akọ màlúù Bàbá Sàláwù ló ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà Rore, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ti ibi ìnáwó bọ̀, ó ń wọ́ okùn tó ti já nílẹ̀, aṣọ pupa wà lára okùn, ewé iṣu sì lọ́ mọ́ ìwo rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì. Ó ń lọ sílé ni, ọjà ló sì gbà.

Lucy rí i. Agbára tó fi já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Àfísù, Àfísù kò mọ̀ títí di òní ibi tó ti rí i. Ó fò lé tábìlì aláta, ó tẹ tòmátò, ó tẹ ata rodo, ó dì mọ́ òpó àtíbàbà, ó ń ké pe Jésù, ó ń ké pe ìyá rẹ̀, ó ń bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n bá òun mú nǹkan náà kúrò. Yẹtí kan ti bọ́ sínú ata. Màlúù kò tilẹ̀ wò ó.

Fulera já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn tó dì í mú. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀fun, ní èdè bàbá rẹ̀, kò pariwo. Màlúù náà dúró. Fulera lọ bá a, ó gbá okùn mú, ó ń fi èékánná họ ọ́ lábẹ́ àgbọ̀n, màlúù ńlá náà sì gbé orí lé e léjìká, ó dijú.

Gbogbo ọjà wo Fúlàní tó wà lórí tábìlì. Wọ́n wo Yorùbá tí màlúù gbórí lé. Wọ́n tún wo tábìlì. Ìyá arúgbó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbe oríkì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn títí àwọn ọkùnrin fi ń di ara wọn mú. Àfísù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti súnmọ́ màlúù, ó ń fọwọ́ kan ewé iṣu tó wà lórí ìwo, ó sì rí okùn tí òun fúnra rẹ̀ fi so iṣu mọ́ ọ̀pá láàárín ewé náà.

“Ẹ̀gbọ́n Àfísù,” ni Lucy pè é láti orí tábìlì, “ta lẹ rí ní oko yín?”

Àfísù wo ilẹ̀. “Ojú ẹsẹ̀ màlúù ni mo rí.”

“Èmi ńkọ́?”

“Mi ò rí ẹ,” ni ó wí. “Mo kàn mọ̀ pé ìwọ ni.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bàbá Sàláwù ń tún fìlà rẹ̀ ṣe, bó ti ń tún un ṣe ló ń wọ́, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ aṣọ pupa náà. Fulera fa màlúù dé iwájú rẹ̀, ó na okùn sí i.

“Bàbá, màlúù yín rè é,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. “Gáà tí ẹ ní kí wọ́n kó, bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ẹ sọ ibi tí n ó gbé e lọ fún mi. Èlùbọ́ tí ẹ ó jẹ lálẹ́ òní, ibẹ̀ ni mo ti rù ú wá. Ẹ pè mí ní ọmọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì pè mí ní àjèjì, ẹnu kan náà lẹ fi pè mí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Sàláwù gba okùn. Ó ṣí fìlà kúrò lórí, àgbàlagbà náà sì bẹ Fulera lójú gbogbo ọjà. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò kó kúrò níbì kankan. Òun àti àwọn ọmọ òun ni yóò kọ gbogbo ebè Àfísù tó wó, bó bá sì di àárọ̀ ọjọ́ Iléyá, kí òun tó lọ kí ẹnikẹ́ni, gáà ni òun yóò kọ́kọ́ dé láti kí Àbúdùlàhí. Lẹ́yìn náà ló wo Lucy lórí tábìlì, ó ní kó máa bọ̀ nílẹ̀, pé wọ́n ti so màlúù mọ́lẹ̀.

Lálẹ́, Lucy tú irun rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Rótìmí. Ó rò pé yóò bínú. Rótìmí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní Mátíù, Máàkù àti Lúùkù dára, kí ló dé tí kò fi Jòhánù kún un. Lucy ní òun kò lè fi orúkọ bàbá òun pe màlúù.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Fulera jókòó sídìí igbá wàrà rẹ̀, Lucy sì jókòó sídìí èlùbọ́, ó di ṣùkú lásán sórí. Ohun gbogbo kò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí kò sí lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ṣì ń bá Lucy sọ Yorùbá tó bàjẹ́, Lucy a sì fi ẹnu júwe Fulera fún wọn. Obìnrin tó ń gbọ́ ìtọ́wò ògì rà díẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ti Fúlàní gíga ọjọ́sí ṣì dùn ju èyí lọ. Fulera ní òun yóò bá a sọ fún un.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, Àfísù dé. Ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti oko bọ̀, níbi tí òun àti àwọn ọmọ Bàbá Sàláwù ti ń kọ ebè. Ó dúró níwájú àwọn méjèèjì. Ó wo Lucy, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo Fulera, ó tún la ẹnu, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó nu òógùn ojú rẹ̀ nù, ó wo igbá, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń béèrè ọ̀nà ní ìlú tí kò dé rí.

“Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ni wàrà?”

Fulera ní òun ni. Ó bu wàrà fún un, ó sì fi ènì lé e.